Igi Ọ̀wọ̀, Gìtá Òkèèrè

Kí Orlando Owoh tó di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó sí àwo orin rẹ̀ ni kò gbọ́ ọ rí. Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1932, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ̀n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Ayùn àti òòlù ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ títí di ọdún 1958, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kí ó máa lùlù, kí ó sì máa kọrin. Ní ọdún 1960 ó dá ẹgbẹ́ Omimah tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 2008, orin àti gìtá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àga àti tábìlì.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí ènìyàn dúró wò. Ọkùnrin tó mọ pákó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fá a, tó mọ èyí tó le àti èyí tó rọ̀, ló wá lo ohun tó ju ogójì ọdún lọ nídìí iṣẹ́ tí ohun èlò onípákó jẹ́ ọba níbẹ̀. Síbẹ̀, gìtá oníná mànàmáná tí àwọn olórin ìgbà tirẹ̀ ń gbé kọ́rùn, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igbó tó yí ìlú bàbá rẹ̀ ká ń hu irú igi tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe gìtá lókè òkun ń fi owó gọbọi wá. Igi wà, ọwọ́ wà, orin wà, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pàdé lórí tábìlì iṣẹ́ kan náà ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ọ̀sẹ́.

Ọdún 1932 tí wọ́n bí Orlando ni gìtá oníná kọ́kọ́ jáde sọ́jà ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. George Beauchamp ló wà nídìí rẹ̀. Irin aluminium ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n sì ń pè é ní Frying Pan, nítorí ìdí rẹ̀ rí rìbìtì, ọrùn rẹ̀ sì gùn bí ọwọ́ páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin. Àmọ́ kí wọ́n tó rọ ọ́ ní irin, igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló jókòó gbẹ́ ẹ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, olórin kan tó ń jẹ́ Les Paul mú òpó igi páìnì onígun mẹ́rin, ó ta okùn irin sí i, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ okùn náà, ó sì pè é ní The Log, ìyẹn ìtì igi. Nígbà tó gbé e lọ síwájú àwọn èrò, wọn kò kà á sí. Ó padà sílé, ó la gìtá àtijọ́ kan sí méjì, ó lẹ ìdajì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó náà kí ó lè jọ gìtá lójú, àwọn èrò kan náà sì pàtẹ́wọ́. Ohùn kò yí padà rárá. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin.

Lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá, ohun èlò yìí kò pẹ́ kó tó dé. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú orin jùjú ní Èkó. Àwọn kan máa ń sọ pé gìtá oníná ló sọ orin ìbílẹ̀ di ti òyìnbó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí iná tó dé, ohùn gìtá kò tó nǹkan. Bí gángan bá bọ́ sí i, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ gìtá náà mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ olórin. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè ló jẹ́ kí ìlù tó ń fọhùn lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orin Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, ti rí ààyè gbòòrò sí i, tí gìtá mẹ́ta mẹ́rin fi lè máa dá ara wọn lóhùn lórí pèpéle kan.

Bí òǹkàwé bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbẹ́nàgbẹ́nà, ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin gìtá méjèèjì. Gìtá àtijọ́ ṣófo nínú. Àpótí rẹ̀ ló ń mú ohùn jáde, gẹ́gẹ́ bí àpótí agídìgbo. Bí pákó ojú rẹ̀ bá nípọn jù, kò ní dún. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, okùn yóò fà á ya. Iṣẹ́ àkànṣe ni, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Gìtá oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó gidi ni ara rẹ̀, kò sí ihò àpótí níbẹ̀. Abẹ́ okùn rẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì kékeré wà, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Pickup ni àwọn olórin ń pè é. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n lókè rẹ̀, ó ń da agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà rú, iná kékeré yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú wáyà yẹn. Iná kékeré yìí ni amplifier ń sọ di ohùn ńlá. Ohun tó kù lọ́wọ́ pákó ni pé kí ó dúró gírígírí, kí ó má tẹ̀, kí ó má lọ́, kí ó sì jẹ́ kí okùn gbọ̀n pẹ́.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti ti ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni èyí. Kì í ṣe àsọdùn. Leo Fender, tí gìtá onípákó rẹ̀ jáde ní ọdún 1950 tó sì yí orin ayé padà, kò mọ gìtá ta. Rédíò ló ń tún ṣe ní ìlú Fullerton, ní California. Ó gé pákó bí ẹni ń gé ojú tábìlì, ó sì fi skúrù mẹ́rin de ọrùn mọ́ ara, pé bí ọrùn bá bàjẹ́, kí wọ́n tú u kúrò kí wọ́n sì fi òmíràn sí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà èyíkéyìí ní Ìfọ̀n tó bá wo gìtá Fender dáadáa yóò rí i pé òun ti ṣe ohun tó ṣòro jù ú lọ rí. Ìlẹ̀kùn tó ń tì tó ń ṣí láìgbo ilẹ̀ kò rọrùn.

Igi wo ni wọ́n wá ń lò? Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá méjì jáde tí ìrísí wọn ṣàjèjì: Flying V, tí ara rẹ̀ là bí ìyẹ́ ẹyẹ, àti Explorer. Igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni wọ́n ń pè ní korina nínú ìpolówó wọn. Korina kì í ṣe igi Amẹ́ríkà. Orúkọ ọjà lásán ni wọ́n fún igi tí ó ń hù láti Sierra Leone títí dé Congo àti Angola, èyí tí àwọn ará Congo ń pè ní limba, tí àwọn Yorùbá sì ń pè ní afàrà.

Afàrà náà ni o. Igi tí wọ́n ń là ní sọ́míìlì, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kùn yàrá, tí wọ́n fi ń ṣe àga, tí wọ́n fi ń ṣe pósí. Bí oníbàárà bá wá béèrè igi tó níyì, afàrà kọ́ ni ẹnikẹ́ni máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìrókò ni, tàbí ọ̀gànwó. Ṣùgbọ́n afàrà fúyẹ́, ó gún régé, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ìyẹ̀fun tí òróró díẹ̀ kàn, kì í sì í fún ayùn ní wàhálà. Gbogbo ìwà yìí ni ẹni tó ń ṣe gìtá ń wá. Flying V tí wọ́n ṣe ní ọdún 1958 àti 1959 kò tó 100, nítorí àwọn èèyàn kò rà á nígbà náà. Iye owó rẹ̀ nínú ìwé ọjà kò tó 250 dọ́là. Lẹ́yìn náà ni Albert King fi ọ̀kan kọrin blues káàkiri ayé, ojú sì là. Lónìí, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ náà lè tà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe gìtá fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ṣì ń wá igi náà, wọ́n sì ń wọn ọ̀ṣùwọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń wọn ẹran.

Afàrà nìkan kọ́. Ọ̀gànwó, tí àwọn òyìnbó ń pè ní mahogany ilẹ̀ Áfíríkà, wà nínú àìmọye gìtá. Igi osùn, tí àwọn ìyá àgbà ń lọ̀ kunra fún ìyàwó àti ọmọ tuntun, jẹ́ ẹbí padauk tí wọ́n ń fi ṣe ojú àti ọrùn gìtá nítorí pupa rẹ̀. Arère, tó rọ̀ tó sì fúyẹ́, wọ́n ń lò ó. Apá, tí àwọn agbẹ́lù fi ń gbẹ́ ara ìlù bí wọn kò bá rí igi ọmọ̀, wọ́n ń lò ó fún gìtá tó ń dún bí ìyá ìlù. Ìwọ̀nyí kì í ṣe igi àjèjì ní ilẹ̀ igbó Oǹdó. Awakọ̀ tó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n lọ sí Benin mọ bí ó ti máa ń rí láti tẹ̀ lé ọkọ̀ tó kó gẹdú, tí kò ṣeé yà sílẹ̀.

Ìtàn igi dúdú, èyí tí òyìnbó ń pè ní ebony, yẹ ní sísọ níbí, nítorí ó fi hàn bí igi ṣe ń parẹ́ nítorí ẹwà lásán. Dúdú biribiri ni àwọn tó ń ra gìtá fẹ́ kí ojú ọrùn rẹ̀ rí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Taylor ti Amẹ́ríkà bá àwọn mìíràn ra ilé-iṣẹ́ pákó kan ní Yaoundé, ní Cameroon, ní ọdún 2011, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó mú wọn lẹ́nu dákẹ́. Àwọn agégi sọ fún wọn pé bí àwọn bá gé igi mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo lè dúdú dé inú. Mẹ́sàn-án tí ó ní ìlà funfun nínú, inú igbó ni àwọn ń fi sílẹ̀ kí ó jẹrà. Ilé-iṣẹ́ náà pinnu pé àwọn yóò máa lo gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìlà àti láìsí ìlà, kí oníbàárà kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ràn igi bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìpinnu tó dára ni. Wọ́n tún ń gé pákó náà dé ìwọ̀n kan ní Yaoundé kí ó tó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ibi tó parí sí: òkè òkun ni pákó ọrùn náà ti ń pàdé ara gìtá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta okùn sí i, ibẹ̀ náà ni owó ńlá wà.

Òfin pàápàá ń tọ́ka sí ọ̀nà àbáyọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni ń kà á bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ohun tí Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú, igi wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìtì tàbí èyí tí wọ́n ti là sí pákó. Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ, pàdé ní Panama, wọ́n fi ọ̀gànwó, apá àti àwọn ẹbí osùn ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn igi tí wọ́n ń ṣọ́. Ìtì àti pákó ni ìṣọ́ náà dojú kọ. Ohun èlò tí wọ́n ti ṣe parí kò sí lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé pákó ọ̀gànwó jáde láti Ọ̀sẹ́, olè ni lójú òfin. Ẹni tó bá gbé gìtá ọ̀gànwó jáde, oníṣòwò ni. Igi kan náà, igbó kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà láàrin wọn.

Àwọn tó ń rà á náà kò lè dibọ́n mọ́. Ní ọdún 2009 àti 2011, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ya wọ ilé-iṣẹ́ Gibson, wọ́n kó pákó tí wọ́n fura sí pé ó lòdì sí òfin. Ní ọdún 2012, Gibson gbà láti san 300,000 dọ́là lórí igi dúdú tó ti Madagascar wá. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà tó lówó ti ń béèrè ibi tí igi ti wá àti ẹni tó gé e. Gìtá tí olùṣe rẹ̀ lè dárúkọ oko tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ ní ọlá tí èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde kò ní.

Kí ni ó wá gbà? Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lórí iṣẹ́ gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ìsọkúsọ ti máa ń pọ̀ jù. Ìwọ̀n ni olórí. Gìtá irú ti Fender máa ń gba okùn tó gùn ní ínṣì 25 ààbọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn dé ibi tí okùn ti jókòó lára. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gbọ́dọ̀ wà ní ààyè wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n ń fi 17.817 pín gígùn okùn láti mọ ibi tí irin àkọ́kọ́ yóò wà: ínṣì 1.43. Wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò fi iye kan náà pín èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa bá a lọ. Irin kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdajì pátápátá, ìyẹn ínṣì 12.75, bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ìṣirò ti dàrú. Bí ayùn bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gìtá yóò máa purọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á, kò sì sí fáníìṣì tó lè bò ó. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó bá ní kalikulétọ̀ lè ṣe ìṣirò náà. Ọwọ́ tó lè gé e báyẹn gẹ́lẹ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà bàbà, àwọn tó ń wé kọ́ìlì fáànù àti ti ẹ̀rọ ìpọnmi kò sọnù ní ìlú kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ pickup jẹ́ àbúrò iṣẹ́ wọn: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, sùúrù, àti ìkà tí kò gbọdọ̀ ṣìnà. Gbohùngbohùn tó ti ya sì ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú. Egungun màlúù ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́ káàkiri ayé ń fi ṣe ibi tí okùn ń gbà kọjá ní orí gìtá, wọ́n ní ó sàn ju ike lọ. Àwọn alápatà Ọ̀wọ̀ ń dà á nù lójoojúmọ́. Wọn yóò sè é, wọn yóò fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, wọn yóò sá a sóòrùn títí yóò fi funfun. Èèpo àgbọn tí wọ́n bá yọ̀ dán dára fún bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò. Ọwọ́ tó ti ń fi osùn kun nǹkan láti ayébáyé lè wádìí bí yóò ti rí lára pákó.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àlá ni èyí, kí ó rántí Brian May. Ní ọdún 1963, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó láti ra gìtá, òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan nínú ilé wọn ní England. Pákó ọ̀gànwó àtijọ́ tí wọ́n tú kúrò lára ibi ìdáná yíyá ilé kan ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Irin sípíríǹgì ẹ̀rọ alùpùpù wà nínú rẹ̀, orí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì láti inú àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì ojú ọrùn. Gìtá yẹn ló gbé lọ sínú ẹgbẹ́ Queen, òun náà ló sì ń ta títí di òní. Ní Áfíríkà tiwọn, Ibrahim Ag Alhabib, tó dá ẹgbẹ́ Tinariwen sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Sàhárà, fi agolo, igi àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe gìtá àkọ́kọ́ tirẹ̀ nígbà èwe.

Okùn irin, irin ojú ọrùn, àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn le: rírà ni wọn yóò máa rà wọ̀nyí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà pàápàá ń ra kọ́kọ́rọ́ okùn láti Japan.

Ìlú Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ní ọnà. Nígbà tí Ekpo Eyo wú ilẹ̀ Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1971, ère amọ̀ tó bá níbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ya àwọn tó mọ ọnà Ifẹ̀ àti ti Benin lẹ́nu. Àwọn agbẹ́eyín erin Ọ̀wọ̀ gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ onílọ̀ọ́po, tí ọ̀kan wà nínú èkejì láìsí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́; British Museum ní London ní lára iṣẹ́ wọn. Títí di òní, bí ọdún Igogo bá dé, tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọnsẹ̀n ayaba fún ọjọ́ 17, ìlù kò gbọdọ̀ dún ní ìlú. Agogo ni wọ́n ń lù. Ìlú tó lè pa gbogbo ìlù lẹ́nu mọ́ kí ohùn irin kan ṣoṣo lè jáde mọ ohun tí ohùn jẹ́. Ó tilẹ̀ wà nínú ìtàn Ọ̀rọnsẹ̀n pé ọ̀kan nínú àwọn èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ti oko dé kò gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn awakọ̀ gẹdú má tíì gbọ́ ìtàn yẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ eyín erin tán, nítorí erin tán. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè mọṣẹ́ tó tí yóò gbẹ́ ohun tí kò sí. Igbó Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ ń dín kù: oko kòkó ń wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ ayùn kì í sì í sùn. Igi ọ̀gànwó tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí ó gba ìran mẹ́ta kí ó tó dàgbà, lè di pákó ìkànlé láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Níhìn-ín ni iṣẹ́ gìtá ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ gẹdú. Ara gìtá kan kò gbà ju pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ó lé díẹ̀, tó nípọn ní ínṣì kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin. Igi kan ṣoṣo lè fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń fi igi kan jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó gbin òmíràn sípò rẹ̀; ẹni tó ń kó ọgbọ̀n ìtì lọ lóru ọjọ́ kan kò ní béèrè.

Oníbàárà ńkọ́? Ilé ìjọsìn ni. Láti Emùré-Ilé dé Ìdóàní, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ gìtá olówó pọ́ọ́kú láti China tàbí Indonesia, tí ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọ̀yẹ́ bá dé, nítorí ìbí kọ́ ni wọ́n gbẹ pákó rẹ̀ fún. Àwọn akọrin ń tún un yí láàrin orin kan sí èkejì, ìjọ sì ti mọ ọ́n lára bí ikọ́ olùṣọ́ àgùntàn. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú bá gbé ti afàrà síwájú wọn, wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bí àwọn èrò ṣe ṣe sí Les Paul. Gìtá àkọ́kọ́ náà kò sì ní dára. Ìkejì kò ní dára púpọ̀. Iye owó rẹ̀ yóò ga ju ti China lọ, nítorí ọwọ́ kò lè bá ẹ̀rọ du iye. Ìwé àtinúdá ìjọba kò lè yí èyí padà, àwọn olóṣèlú tó bá sì fẹ́ fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú fìlà àti báàgì, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí nílò ni ọ̀gá kan tó mọ pákó, ọmọ iṣẹ́ méjì tó mọ ìṣirò, olórin kan tí kì í purọ́ nígbà tí gìtá kò bá dún dáadáa, àti ilé tí òjò kì í wọ̀.

Ti ilé yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pákó tútù ni ọ̀tá gìtá. Ohun tí wọ́n ń rà ní sọ́míìlì, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó lọ́jọ́ kejì, oṣù mẹ́ta kò ní pé tí ọrùn yóò fi lọ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ igi ń ka ọdún kan fún ínṣì kan bí afẹ́fẹ́ nìkan bá ni yóò gbẹ ẹ́. Wọn yóò to pákó náà ní ìpele ìpele, igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin ọ̀kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gbà kọjá, wọn yóò fi ọ̀dà kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí ó má là, wọn yóò sì gbé ẹrù wúwo lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni dídúró. Pákó afàrà onínípọn ínṣì méjì tí wọ́n bá tò báyìí lónìí yóò tó gìtá ṣe ní nǹkan bí ọdún méjì.